Ràkúnmí Inú Òfin Ẹgbẹ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa níbí. Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé orí oyè náà. Ẹni tó bá ti lè tan kọ̀ǹpútà láàárín àwọn àgbà, wọ́n ti so iṣẹ́ yẹn mọ́ ọn lọ́rùn nìyẹn.

Wọ́n ní ká tún òfin ẹgbẹ́ ṣe. Bébà la kọ́kọ́ fi ṣe é, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láti Kubwa dé Nyanya, láti Nyanya dé Lugbe. Ìgbà tó fi máa padà sọ́dọ̀ mi, báírò àwọ̀ mẹ́rin ló wà lára ẹ̀, ẹnì kan ti kọ “RÁRÁ O” gàdàgbà sórí abala kẹta láì fọwọ́ sí i, epo pupa sì ti mu gbogbo abala ìsìnkú yó. Mo ní èmi ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Mo gbé òfin náà sórí Google Docs, ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa lè jọ wọ̀, mo ju líǹkì ẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, mo sì ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí: bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́, kò ní parẹ́, ìlà lásán ló máa gba orí ẹ̀ kọjá, bí ẹ bá fi kún un, àwọ̀ mìíràn ni yóò gbé jáde, títí n ó fi gbà á wọlé. Ẹni tó bá ní àríwísí, kó kọ ọ́ sétí ìwé.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ni mo gbàgbé láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá gba líǹkì wọlé láìjẹ́ pé a fi ímeèlì pè é, ó lè má jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló máa hàn. Orúkọ ẹranko ni wọ́n á sọ ọ́. Mo ti pàdé quagga níbẹ̀ rí, ẹran tí èyí tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ ti kú ní ọgbà ẹranko Amsterdam láti 1883. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹgbẹ́ pè mí, ohùn wọn ń gbọ̀n: “Akọ̀wé, hyena kan wà nínú òfin wa o! Ọmọ mi ní ìkookò ni. Ta ló gbà á wọlé? Ṣé ó ti san owó ọdún?”

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nǹkan bí aago mọ́kànlá, iná wà, mo wá dé abala kẹrìnlá. Bàbá Alága fúnra wọn ló pè é fún mi kọ: ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé yóò san ₦1,000. Bàbá tí a ń pe ìpàdé ní aago mẹ́ta, tí wọ́n á yọ ní mẹ́rin kọjá, tí wọ́n á tún dúró kí oníkálùkù títí kan ìyá ìyàwó ẹ̀! Ìka bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo kọ ọ́ sétí ìwé pé: “Bí òfin yìí bá wọlé, àpò Bàbá ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Èmi akọ̀wé ni mò ń kọ àsìkò tí wọ́n ń dé sílẹ̀. Ìpàdé tó kọjá, 4:40. Àmàlà ti le.”

Akápò fèsì sábẹ́ ẹ̀ kíá: “A tún tún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gbà nítorí wọn.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè: a ò dá wà. Anonymous Camel. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ní Kaduna ni, àbí ta ni ràkúnmí tún máa yẹ bí kò ṣe ará òkè Ọya? Mo kọ ọ́ sí i pé: “Ràkúnmí, o ò tíì sùn ni?” Kò fọhùn. Ó dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá pòórá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àyà mi ń já. Mo tẹ àmì kan tó dà bí èyí tí tíṣà fi ń máàkì iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò lójú mi. Mo dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé kì í pa nǹkan rẹ́. Ńṣe ló kàn ń ká a sí kọ̀rọ̀, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á tún tú u síta.

Ọjọ́ Àìkú, ìlà epo dá mi dúró ní Gwarinpa. 3:25 ni mo wọ gbọ̀ngàn. Bàbá Alága ti jókòó! Dígí lójú, bébà lórí orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn ò sì tètè ní kí n dìde, ilẹ̀ yẹn ni mo ti rí bébà náà dáadáa: ọmọ wọn ti bá wọn gbé òfin náà sínú Word lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, tòun ti gbogbo ọ̀rọ̀ etí ìwé. Àmàlà wà níbẹ̀. 4:40 wà níbẹ̀. Akápò ń ka abẹ́ fáànù bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i.

“Akọ̀wé, mú bírò. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé dé ní 3:25.”

Mo kọ ọ́. Mo yọ ₦1,000, akápò sì gbà á lọ́wọ́ mi láìwò mí lójú. Akápò yìí kan náà o.

Ìyá Ẹgbẹ́, tí wọn ò mọ nǹkan kan, bú sẹ́rìn-ín: “Alága, ẹ̀yin náà lẹ tètè dé báyìí lónìí?”

Bàbá rọra yọ dígí, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún.

“Ràkúnmí ò rí oorun sùn.”