Ìwé olùkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí: ohun tí mo kọ́ nípa yíyan ìwé fún ọmọ tí à ń kọ́ nílé

Òbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu pé òun fẹ́ máa kọ́ ọmọ òun nílé, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ìwé wo lẹ fi ń kọ́ àwọn tiyín?" N kì í dárúkọ ìwé kankan. Èmi náà á bi í ní tèmi. Ta ló máa jókòó ti ọmọ náà? Wákàtí mélòó lẹni náà ní lóòjọ́? Ṣé ó fẹ́ràn ìṣirò, àbí ó ti ń sá fún un látìgbà tóun náà wà nílé ìwé? Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ni mò ń béèrè nípa rẹ̀ o, mi ò tíì dé orí ọmọ. Ohun tó dá mi lójú lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ ni pé ìwé tí òbí ò bá lè lò lọ́jọ́ tó rẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó dára tó, inú àpótí ló máa kú sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa ojú mọ́ ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ṣe fún ọmọ, ẹ ṣí ìwé olùkọ́ ná. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń gbé ojú ewé bíi mélòó kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má wo ojú ewé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ máa ń rọrùn nínú gbogbo ìwé. Ibi tó le ni kí ẹ wá lọ. Ní ti ìṣirò, ibi tí èmi máa ń ṣí ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìyọkúrò tó ní yíyá nínú.

Ẹ mú 52, ẹ yọ 27 kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ ló máa kọ 35. Kì í ṣe pé orí wọn ò pé. Wọ́n rí 2 lókè, wọ́n rí 7 nísàlẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ pé a kì í yọ ńlá kúrò nínú kékeré, ni wọ́n bá yí i po: 2 kúrò nínú 7, ó ku 5, 2 kúrò nínú 5, ó ku 3. Ó mọ́gbọ́n dání lójú tiwọn. Ìwé olùkọ́ kan á kàn kọ "Ìdáhùn: 25" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó parí. Òmíràn á sọ fún yín pé bí ọmọ bá kọ 35, ohun tó ń rò rèé. Ẹ kó igi tín-ín-rín jáde, ẹ dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ gbé ìdì márùn-ún àti igi méjì síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kó fún yín ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ọmọ á kó ìdì méjì fún yín, á tún nawọ́ sí igi méjì tó wà nílẹ̀, á rí i pé kò tó méje. Á wo ojú yín. Ẹ má sọ nǹkan kan. Láìpẹ́, òun fúnra rẹ̀ lá tú ìdì kan. Ìgbà yẹn ni "yíyá" tí wọ́n kọ sínú ìwé á tó yé e. Irú ìwé kejì yìí ni kí ẹ rà, kódà bí kò bá ní àwòrán kankan, kódà bí bébà rẹ̀ ò bá dán.

Kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kó yà á, lẹ́yìn náà kó kọ ọ́ ní nọ́ńbà: ìlànà tí wọ́n mọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè Singapore lónìí nìyẹn. Iṣẹ́ Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé e kà. Láwọn ọdún 1960 ló to ìpele mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ìwé Singapore kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ ṣáà wò ó bóyá ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ń fo ìpele kìíní àti ìkejì.

Ìwé ìṣirò tún pín sí oríṣi méjì gbòógì. Oríṣi kan á dúró ti ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, bí ìsọdipúpọ̀, kò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi yé ọmọ dénú. Oríṣi kejì á bu díẹ̀ lónìí, á fi sílẹ̀, á tún padà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á máa po tuntun mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn òbí lè jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní tèmi, ọmọ ni kí ẹ wò. Ọmọ mi àgbà a máa tètè gbàgbé; ohun tó mọ̀ lóṣù tó kọjá, bí a ò bá mú un padà wá, ó ti lọ nìyẹn. Oríṣi kejì ló bá a mu. Àbúrò rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n mú òun kúrò nídìí ohun tí òun ò tíì parí, oríṣi kìíní lòun ń lò. Bí ẹ bá mú oríṣi kìíní, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò, torí ìwé náà kò ní bá yín ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọjọ́ orí ra ìwé. Nọ́ńbà kíláàsì tí wọ́n kọ sí iwájú ìwé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fi síbẹ̀. Kíláàsì kẹta lọ́dọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ ìkejì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ìdánwò kékeré tó ń fi ibi tó yẹ kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ hàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fún ọmọ ṣe láìràn án lọ́wọ́. Ọmọ kan náà lè wà ní ìpele kejì nínú ìṣirò, kó wà ní ìkẹrin nínú ìwé kíkà, kó má sì tíì lè kọ gbólóhùn méjì tó tẹ̀ léra. Àǹfààní tí kíkọ́ni nílé ní ju ti yàrá ìkàwé tí ọgbọ̀n ọmọ wà nínú rẹ̀ lọ nìyí, kí ló wá dé tí a fi máa ra àpò ìwé kan tó fi gbogbo rẹ̀ sí ìpele kan náà? Bí ojú bá ń ti ọmọ nítorí nọ́ńbà iwájú ìwé, ẹ fi bébà bo nọ́ńbà náà.

Ìwé kíkà ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó ń kọ́ ọmọ láti máa méfò. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: gbólóhùn kan náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, àfi ọ̀rọ̀ kan tó ń yí padà, àwòrán ọ̀rọ̀ náà á sì wà lókè gàdàgbà. Wọ́n kọ "pony" síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ya ẹṣin kékeré, ọmọ pariwo pé "horse!", inú gbogbo ilé dùn pé ó ti mọ̀wé kà. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán yẹn, kí ẹ ní kó tún un kà. Èdè Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ ní irú wàhálà yìí, torí lẹ́tà 25 la ní, ohun tí a bá sì kọ, tí a fi àmì sí, náà la ń pè. Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: lẹ́tà 26 ló ń ru ìró bíi 44. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílò ìwé phonics, ìyẹn èyí tó ń kọ́ ọmọ ní ìró tí lẹ́tà ń dún, tó ń mú ìró níkọ̀ọ̀kan, tó sì létò. Ìgbìmọ̀ National Reading Panel ní Amẹ́ríkà, tó yẹ ìwádìí lórí ìwé kíkà wò, gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2000, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé kíkọ́ ọmọ ní phonics létòlétò ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìtàn kéékèèké tí ọmọ ń fi dánra wò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lo ìró tó ti kọ́. Wọn kì í dùn púpọ̀, mo mọ̀. Ìtàn dídùn, ẹ̀yin lẹ máa kà á sí i létí.

Torí pé ìwé tí ọmọ lè dá kà yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó lè gbọ́ yé. Fún èyí tó máa dá kà, ẹ ní kó ṣí àárín ìwé náà, kó máa ká ìka kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀. Bí ìka márààrún bá ti tán kó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ìwé náà ṣì ga jù fún un. Ẹ gbé e sápá kan, ẹ máa kà á fún un lálẹ́.

Orúkọ ìlànà ìkọ́ni pọ̀ lọ́jà: ti Montessori, ti Charlotte Mason, èyí tí wọ́n ń pè ní classical, èyí tó ní kí ọmọ máa tọ ohun tó bá wù ú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí èmi mú lọ́dọ̀ Charlotte Mason, olùkọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé láyé láti 1842 sí 1923, ni pé kí a ka nǹkan fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì fẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀. Mo wá fi ń dán ìwé wò. Ìwé méjì lórí èèrà wà lọ́wọ́ wa nígbà kan. Èyí kìíní sọ pé kòkòrò ni èèrà, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Mo ní kí ọmọ ròyìn. "Ẹsẹ̀ mẹ́fà," ó dákẹ́. Èkejì sọ bí èèrà tó rí oúnjẹ ṣe máa ń fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà bó ti ń padà lọ sílé, tí àwọn yòókù á fi tọpa rẹ̀ débẹ̀. Ọmọ yìí ròyìn ròyìn, ó fi ìka rìn lórí tábìlì, ó wá ní, "Mọ́mì, tí ẹnì kan bá fi omi nu ojú ọ̀nà yẹn ńkọ́?" Mi ò tún wo ìwé kìíní mọ́.

Ìwé àlòkù dára, òun ni mo sì ń lò jù. Ìṣirò kì í gbó. Ti sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́: látọdún 2006 ni àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti yọ Pluto kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá, ìwé tó ń kà wọ́n ní mẹ́sàn-án ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ìwé olùkọ́ àti ìwé ọmọ jẹ́ ẹ̀dà kan náà. Bí wọn ò bá bára mu, ojú ewé tí ẹnì kan ń pè kọ́ ni ẹnì kejì máa ṣí.

Bí ọmọ yín bá ju ẹyọ kan lọ, ìṣirò àti ìwé kíkà ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún oníkálukú. Ìtàn àti sáyẹ́ǹsì, ẹ kó wọn pọ̀, kí èyí àgbà kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí àbúrò bá ń yàwòrán. Mi ò bá ẹni tó ra odidi àpótí ìwé tó ní gbogbo ẹ̀kọ́ nínú jà o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́ tí kò ráyè ṣàjọ ìwé, tàbí tó ń ṣí kiri, ó lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà. Kó ṣáà bi àwọn tó ń tà á bóyá òun lè pààrọ̀ ìpele ìṣirò inú rẹ̀.

Ẹ tún yẹ òfin ibi tí ẹ wà wò kí ẹ tó náwó. Jámánì ò gbà kí òbí fi kíkọ́ni nílé rọ́pò ilé ìwé. Ní Faransé, ó ti di dandan láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba látọdún 2022. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New York ń béèrè ètò ẹ̀kọ́ àti ìròyìn, Texas ò béèrè. Ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè ìròyìn, ìwé tó ní àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dín iṣẹ́ yín kù.

Tí ọmọ bá wá ń sunkún lórí ìwé kan, ẹ má tètè sọ ọ́ nù. Ẹ kọ́kọ́ dín in kù: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dípò ogójì, ìbéèrè mẹ́jọ dípò ogún. Kò sófin tó ní kí ọmọ ṣe gbogbo ìbéèrè tó wà lójú ewé, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi púpọ̀ síbẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ ni. Bí ẹkún ò bá dá lẹ́yìn bí oṣù kan, ìwé yẹn ò bá a mu, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ kọ ibi tí ẹ bá a dé sílẹ̀, ohun tó ti yé e àti ohun tí kò tíì yé e, kí ẹ lè wá ojú ibẹ̀ gan-an nínú ìwé tuntun, kí ọmọ má tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.