Owó Ìgò ní Birmingham

Òórùn kànáfùrù ló kọ́kọ́ ta sánsán sí mi nímú ní New Street, níbi ọjà Kérésìmesì ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó fojú kan ṣọ́ọ̀bù onípákó kankan. Àgbo ìyá-ìyá mi ni mo rántí. Àṣé wáìnì pupa ni wọ́n ń gbé kaná, tòun ti sínámọ́nì àti èèpo ọsàn. Glühwein làwọn ará Jámánì ń pè é. Ní Ìbàdàn, gbé ọtí tí kò tutù nini síwájú oníbàárà, kó o wá wo ìjà. Níbí, èyí tó bá tutù ni wọn ò ní mu. Bó o bá dúró ní Victoria Square nínú oṣù Kejìlá, tí òtútù ń jẹ ọ́ létí, wàá mọ̀ pé wọn ò jẹ̀bi.

Àwọn ará Frankfurt, ìlú kan ní Jámánì, ló ni ọjà yìí. Ìlú wọn àti Birmingham ti ń ṣọ̀rẹ́ láti 1966, ọdún 1997 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó ọjà Kérésìmesì wọn wá síbí. Láti 2001 ló ti di ọdọọdún, àyàfi ìgbà kòrónà.

Sọ́séèjì ni mo bá lọ ní tèmi. Irin roboto kan ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so kọ́ sórí iná, ó ń fì díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà. Bí ọ̀rá bá kán sínú iná, á ṣe ṣàà. Búrẹ́dì tí wọ́n fi gbé e kúrú débi pé sọ́séèjì yọ lọ́tùn-ún, ó yọ lósì. Mo ń retí yájì. Mustard ni wọ́n nà sí mi. Ó dùn o, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró ti onísúyà lálẹ́ rí, tí àlùbọ́sà ń bọ́ sórí ìwé ìròyìn lójú ẹ̀, kò lè purọ́ fún ahọ́n ara rẹ̀. Onísúyà á sì tún gé díẹ̀ lé e fún èènì. Ta ní ń bá ẹ sọ èènì níbí? Mo ṣèèṣì béèrè jálẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ọmọláńgidi onígi. Ó tún iye kan náà pè fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé etí mi ló di.

Kọ́ọ̀bù ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Owó tí ọmọkùnrin tó bu ọtí fún mi gbà ju iye tí wọ́n kọ sára pátákó lọ. Inú ti fẹ́ bí mi, mo ní wọ́n ti rí àjèjì. Ó ní owó kọ́ọ̀bù wà nínú ẹ̀, tí mo bá dá kọ́ọ̀bù padà, òun náà á dá owó padà. Owó ìgò! Pfand lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rán mi ní mínírà tí n kò mú ìgò òfìfo dání, ìyá onímínírà ò ní dá mi lóhùn àfi kí n fi owó ìgò sílẹ̀. Mo fọ́ ọ̀kan létí gọ́tà lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo mu lọ́jọ́ náà kì í ṣe mínírà. Ní Jámánì, títí dòní, sẹ́ǹtì 25 wà lórí ìgò ike omi lásán. Tiwa ti di ike tí kò ní owó lórí, gọ́tà ló kún.

Nígbà tí mo fẹ́ dá kọ́ọ̀bù padà, ọmọ mi obìnrin dì í mú. "Dádì, ẹ má fún wọn mọ́."

Ògì ló fi ń mu báyìí. Owó wa ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.