Ọtí Inú Àgbá Kan Ṣoṣo: Adùn àti Ìjákulẹ̀ Bourbon ní Kentucky

Ẹni tó bá ń gbé Louisville ní Kentucky bíi tèmi, ì báà máa mutí, ì báà má mu, kò lè sá fún bourbon, wisikí àgbàdo ti Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń se ọkà ní ilé ìpọntí kan, òórùn àgbàdo tó ń kan á gba gbogbo àdúgbò. Ògiri àwọn ilé gàgàrà tí wọ́n ń kó àgbá ọtí sí ti dúdú látòkè délẹ̀, nítorí ohun dúdú kan wà tó máa ń hù síbi tí atẹ́gùn ọtí bá ti ń fẹ́, kò sì yọ ilé àwọn aládùúgbò sílẹ̀. Àgbá ọtí tó wà ní ìpínlẹ̀ Kentucky pọ̀ ju èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lọ.

Níbi àríyá àwa Yorùbá níbí, kọ́ńyàkì ló máa ń wà lórí tábìlì àwọn àgbà tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n kan á rọra fa ìgò yọ nínú àpò, á ní, "Ẹ fara balẹ̀ o, single barrel nìyí." Láti Ìbàdàn náà, àbúrò mi kan á pè mí lórí fóònù: "Bọ̀ọ̀dá mi, èyí tó ní ẹṣin lórí yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi mú bọ̀ o." Inú mi máa ń dùn sí i, torí mo fẹ́ràn ọtí yìí dénú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ohun tó mú kí single barrel, ìyẹn ọtí inú àgbá kan ṣoṣo, dùn náà ló mú kó ṣòro láti gbẹ́kẹ̀ lé.

Òfin Amẹ́ríkà kò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ohun tó ń jẹ́ bourbon. Nínú ọkà tí wọ́n bá fi pọn ọ́n, ó kéré tán, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo. Inú àgbá igi óòkù tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí, àgbá tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ di èédú. Wọn kò gbọ́dọ̀ pa á láró, wọn kò gbọ́dọ̀ fi adùn kankan kún un. Omi nìkan ni wọ́n lè fi là á. Lọ́dún 1964, àwọn aṣòfin ilẹ̀ náà fẹnu kò pé ọtí tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà nìkan ni bourbon. Torí pé wọn kì í pa á láró, nígbà tí ọtí yẹn wọ inú àgbá, ó funfun gbòò bí omi ni. Gbogbo pípọ́n rẹ̀, àti èyí tó pọ̀ jù nínú adùn rẹ̀, ara igi ló ti ń fà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Àgbá kan ń gba nǹkan bí igba lítà. Ooru Kentucky nígbà ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré. Ooru yẹn á ti ọtí wọnú igi lọ. Tí òtútù bá dé, ọtí á tún padà jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti adùn tó rí kó níbẹ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí náà ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Àgbá tó wà ní àjà òkè pátápátá, níbi tí òrùn ti ń pa òrùlé, omi ló ń yára fi í sílẹ̀, ọtí tó kù á le sí i, igi á sì máa kó sí i lára gan-an. Àgbá tó wà nísàlẹ̀ ń gbádùn ìtútù, ọtí inú rẹ̀ á rọ̀ jù ti òkè lọ. Ẹ tún wá fi kún un pé igi óòkù méjì kì í dọ́gba. Àgbá méjì tí wọ́n rọ ọtí kan náà sí lọ́jọ́ kan náà lè di àjèjì sí ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ.

Kí ìgò tí ẹ rà lónìí lè dà bí èyí tẹ́ ẹ rà lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ á da ọ̀pọ̀ àgbá pọ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Single barrel kò rí bẹ́ẹ̀: àgbá kan ni wọ́n ṣí, òun náà ni wọ́n rọ sínú ìgò, kò sí àdàlù kankan.

Ẹni tó bá ti bá adẹ́mu lọ sóko rí, èyí á yé e kíá. Ẹmu ọ̀pẹ kan kì í rí bíi ti èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Èyí tó ń lọ sọ́jà, wọ́n á da akèrègbè pọ̀ mọ́ akèrègbè kó lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n adẹ́mu fúnra rẹ̀ mọ ọ̀pẹ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, kì í da tiyẹn mọ́ tẹnì kankan. Òun àti àlejò pàtàkì ló ń mu ún.

Ohun tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Albert Blanton ń ṣe ní ìlú Frankfort ní Kentucky níbí gan-an nìyẹn. Lọ́dún 1897 ló wọ ilé ìpọntí tí à ń pè ní Buffalo Trace lónìí, ọmọ iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni nígbà náà, kó tó wá di ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó di ọ̀gá, ó máa ń lọ ṣa àgbá láàárín ilé kan tí wọ́n fi páànù kọ́, Warehouse H, fún ara rẹ̀ àti àwọn àlejò rẹ̀. Ó ti kú tipẹ́ kí ọ̀gá apọntí kan níbẹ̀, Elmer T. Lee, tó sọ àṣà yẹn dọjà. Lọ́dún 1984, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kẹ̀yìn sí bourbon, fódíkà ló kù tí wọ́n ń mu. Elmer T. Lee wá gbé ìgò kan jáde, ó fi orúkọ Blanton pè é, ó sì kọ nọ́ńbà àgbá àti ọjọ́ tí wọ́n tú u sára ìwé ìgò. Òun ni bourbon àkọ́kọ́ tí wọ́n fi single barrel polówó. Àwọn ará Japan fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àwọn ilé ìpọntí tó kù sì tẹ̀ lé e.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ Blanton kí n má dárúkọ ìdílé Johnson. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Jimmy Johnson bàbá àgbà bá Kọ́nẹ́ẹ̀lì Blanton ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀, Jimmy kejì, di alábòójútó àwọn ilé àgbá, ní àkókò tí wọn kì í fi aláwọ̀ dúdú ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ, Freddie Johnson, wá di ẹni tó ń mú àlejò yí ilé ìpọntí náà ká, wọ́n sì gbé orúkọ òun náà sínú ìwé ìyẹ́sí àwọn àgbà bourbon ní Kentucky. Ìran mẹ́ta. Ẹni tó mọ àgbá tó ń jò àti èyí tó ń dùn ni ẹni tó ń yí i nílẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọ̀gá ni wọ́n kọ sára ìgò. Ní Tennessee lẹ́bàá wa náà, ẹrú kan tó ń jẹ́ Nathan Green, tí wọ́n ń pè ní Nearest, ló kọ́ Jack Daniel, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe wisikí Jack Daniel's, níṣẹ́ ọtí pípọn. Ó tó bí àádọ́jọ ọdún kí ilé iṣẹ́ Jack Daniel's tó máa sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbé ife bourbon lọ́wọ́ ní àríyá, ó yẹ kó mọ̀ pé ọwọ́ àwọn èèyàn dúdú wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ single barrel ni kéèyàn bá wọn yan àgbá. Ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́ lè ra odindi àgbá kan. Àwọn díẹ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà àti Gánà tí a wà níbí máa ń dáwó jọ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaji kan tí kì í fẹnu kan ọtí ló máa ń wa ọkọ̀ wa lọ, ó sì máa ń mú wa padà délé láìsí wàhálà.

Inú ilé àgbá ṣókùnkùn díẹ̀, òórùn igi àti súgà jíjó gba inú rẹ̀. Wọ́n ti yí àgbá mẹ́ta sílẹ̀ dè wá. Ọkùnrin tó gbà wá lálejò fi òòlù onígi gbá ẹ̀gbẹ́ ìdérí kíkan náà, ìdérí fò sókè. Ó ki ọ̀pá bàbà gígùn kan bọ inú ihò, ó fi àtàǹpàkò dí òkè rẹ̀, ó gbé e síbi ife, ó sì yọ àtàǹpàkò: ọtí ṣàn jáde, ó pọ́n bí epo, tòun ti ègé èédú kéékèèké. Ohun kan náà ni wọ́n fi pọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ orí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ ní oyin àti fànílà, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, ó ti lọ. Ti kejì ní kannafùrù, ó ta bí atare, èèpo ọsàn wá tẹ̀ lé e, ó sì dúró sí ọ̀fun. Ti kẹta gbẹ, ó korò bí ìgbà téèyàn jẹ pákò. Àjà òkè pátápátá ló ti wá.

Àǹtí kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, nọ́ọ̀sì ni, imú rẹ̀ ló mú jù nínú wa. Kò tíì mu rárá tó fi da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á, ó dúró kí ọtí gbẹ, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ti kejì yìí ni o. Òórùn tó kù nígbà tí ọtí bá lọ, òun lẹ máa mu." Àwọn kan fẹ́ ti àkọ́kọ́, torí kò le lẹ́nu. A jiyàn títí, kejì la mú. Ìgò tó jáde lára rẹ̀ kò tó igba, mo sì lè sọ láìbẹ̀rù pé kò sí bourbon tó wù mí tó o.

Ó ti tán. Kò sì lè padà wá mọ́ láéláé. Ẹ lè ra ìgò mìíràn láti ilé ìpọntí kan náà, ìwé kan náà lára rẹ̀, ọdún kan náà nínú igi, kó jẹ́ irú àgbá kẹta yẹn lẹ máa bá pàdé. Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa fẹjọ́ sùn, nítorí wọn kò purọ́ fún yín: àgbá kan ni wọ́n ní, àgbá kan ni wọ́n tà. Mo ti rí ìgò tí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ sítíkà mọ́ pé àwọn fúnra wọn ló yàn án, ó gbẹ ju igi ìdáná lọ. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò ń sọ ibi tí ọtí ti wá; kò sọ pé ó dára.

Ìdí nìyí tí àmì ẹ̀yẹ fi máa ń bí mi nínú nínú ọ̀ràn yìí. Henry McKenna ọlọ́dún mẹ́wàá, single barrel ni, owó rẹ̀ kò ga tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń wà níbi gbogbo nígbà náà. Lọ́dún 2019, wọ́n fi í ṣe wisikí tó ta gbogbo èyí tó kù yọ níbi ìdíje ńlá kan ní San Francisco. Kíá ló pòórá ní ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ sì fò sókè. Ṣùgbọ́n àgbá tí àwọn adájọ́ tọ́ wò kọ́ ló wà nínú ìgò tí àwọn èèyàn ń sáré rà. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún ti wà nínú ikùn ẹlòmíràn.

Ti ẹlẹ́ṣin tiẹ̀ tún wá le jù. Ìdérí Blanton's jẹ́ oríṣi mẹ́jọ, lẹ́tà kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá pé, wọ́n á di orúkọ náà, ẹṣin á sì máa sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Ó rẹwà, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Àmọ́ àwọn kan ti ń ra ìdérí, wọn kò ra ọtí mọ́. Àwọn alárọ̀tà ń gbé e lé ìlọ́po méjì iye tí ilé iṣẹ́ dá lé e, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọtí tó dára ni. Kò tó iye yẹn.

Ohun kan tún ń dùn mí: àwọn tó ń fẹ́ single barrel ti ń fojú di ọtí tí wọ́n dà pọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni kéèyàn da àgbá oríṣiríṣi pọ̀ kí wọ́n sì bá ara wọn mu. Ẹ wo ilé ìpọntí Four Roses ní Lawrenceburg: àpapọ̀ ọkà méjì, ìwúkàrà márùn-ún, wọ́n ń bí bourbon mẹ́wàá tó yàtọ̀ síra, tí wọ́n wá ń dà pọ̀ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ single barrel láìfowó ṣòfò, tiwọn náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ilé àgbá wọn kò ní àjà, ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, torí náà àgbá kan kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èkejì. Ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára rẹ̀. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó simi nínú ife. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní àṣẹ láti bu díẹ̀ fún oníbàárà tọ́ wò. Ẹ béèrè, kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ má gbé ìgò tẹ́ ẹ ò tọ́ irú rẹ̀ wò láti inú àgbá kan náà lọ fún àna yín. Bàbá tó ti mọ ṣìnáàpù mu, ọtí tó wà ní ìdá 45 tàbí 46 á bá a lára mu ju èyí tó le bí iná lọ. Òfin ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà gba lítà márùn-ún fún èèyàn kan nínú ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé fún wọn, bí agbára ọtí bá wà láàárín ìdá 24 sí 70. Èyí tó bá ju 70 lọ, wọn kò gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọtí kan tí wọn kò fi omi là máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ wo ara ìgò dáadáa. Ẹ fi ìró wé ìgò náà, ẹ fi sáàárín aṣọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá òǹtẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe tà á fún yín. Èyí tẹ́ ẹ bá ti ṣí, ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́, kẹ́ ẹ jọ mu ún kó tó dọjọ́ ìrìnàjò.