Bí fáírọ́ọ̀sì kòkòrò ṣe ń wọ núkílíọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ yìí ti gbà mí lọ́kàn látìjọ́. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní AcMNPV, kòkòrò ajẹwé ló ń pa, tó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì tán á fi actin, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀, ti ara ẹ̀ síwájú títí táá fi dé ẹnu ihò núkílíọ́ọ̀sì, ìyẹn yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA ẹ̀ wà, á sì gba ibẹ̀ wọlé tòun ti èèpo ẹ̀! Ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Àwọn purotéènì tuntun tí fáírọ́ọ̀sì náà nílò wá ńkọ́? Ìta núkílíọ́ọ̀sì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe wọ́n, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Polyhedrin, ọ̀kan nínú wọn, ní bíi páàsì lára, amino acid (ẹyọ tí wọ́n fi ń to purotéènì) mẹ́rin péré, tí wọ́n ń kọ ní KRKK, òun ló fi ń rọ́nà kọjá, tó bá ti wọlé báyìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ á so pọ̀ di kóró líle tó ń dáàbò bo fáírọ́ọ̀sì lórí ewé. VP39, purotéènì mìíràn, ní tiẹ̀ ló ń kọ́ èèpo tí DNA fáírọ́ọ̀sì ń wọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì Sf9 tí wọ́n fi ń ṣèwádìí ẹ̀ ní láàbù, ara irú kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo wa láti 2016 yẹn gan-an ló ti wá o.