Bàbá ní kí n gbá irin náà kóun gbọ́

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti fẹ́ẹ̀ lù. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn bí irin tó jóná, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò lọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn kí n tó kọ eléyìí sílẹ̀, torí ohun tí mo rí nínú mọ́tò yìí lónìí ò kúrò lọ́kàn mi látọ̀sán.

Mo ti la sílì ọ̀tún, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀.

MGB GT ni mọ́tò náà, ti ọdún 1972, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti yọ ẹ́ńjìnnì, gíà, gíláàsì, àga àti táńkì epo, bọ́dì nìkan ló kù tó jókòó sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin nínú gáréèjì tí mo rẹ́ǹtì ní Gillingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní kí ló tiẹ̀ ṣe é, torí mọ́tò yìí rẹwà, imú ẹ̀ gùn, òrùlé ẹ̀ sì rọra ń yọ̀ lọ sẹ́yìn bí omi. Àwọn Pininfarina, ayàwòrán mọ́tò ará Ítálì, ló bá wọn tún òrùlé yẹn yà kí GT tó jáde ní 1965, èyí tí ò lórùlé ti wà nílẹ̀ látọdún 1962. Wọ́n ṣe é ju 500,000 lọ lápapọ̀ kí wọ́n tó ti iléeṣẹ́ Abingdon pa ní 1980, mi ò sì tíì rí ìkankan tí mo rò pé ó burẹ́wà.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé kò ní ṣáásíì tó dá dúró bíi ti lọ́rì. Bọ́dì ẹ̀ náà ni egungun ẹ̀. Sílì, ìyẹn irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn téèyàn máa ń gbẹ́sẹ̀ kọjá tó bá ń wọlé, òun ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, tó bá ti jẹrà mọ́tò náà lè ká láàárín, pàápàá èyí tí ò lórùlé. Àwọn tó ń ta mọ́tò mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sílì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kùn kó dán.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rà á mo pe Bàbá mi n'Íbàdàn lórí fídíò kí wọ́n lè bá mi wò ó. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà ni wọ́n, wọ́n ṣe é ju ogójì ọdún lọ kí ọwọ́ tó dùn wọ́n. Mọ́ríìsì Máínọ̀ àwọn onítakisí ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, nígbà tó yá wọ́n tún ṣe lọ́rì Léílàǹdì nígbà tí Leyland fúnra ẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó ń to mọ́tò n'Íbàdàn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé British Leyland yẹn náà ló ni MG lásìkò tí wọ́n ṣe tèmi yìí, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, a jẹ́ pé mo mọ ìyá ẹ̀ nìyẹn."

Ṣùgbọ́n ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Èmi ń gbé fóònù káàkiri, mò ń sọ pé ẹ wo ibí, ẹ wo tọ̀hún, wọ́n dákẹ́ títí, ni wọ́n bá sọ pé, "Àkànní, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ jàre. Mú òòlù kékeré kan, kó o gbá irin náà kí n gbọ́."

Mo gbá bọ́ńẹ́ẹ̀tì, kan-in, kan-in. Wọ́n ní ó dáa. Mo gbá ilẹ̀kùn, ó dún, wọ́n ní ó ṣì máa pẹ́. Mo gbá òrùlé, wọ́n ní òrùlé yẹn ò ní àrùn kankan. Ìgbà tí mo dé sílì ọ̀tún, lápá iwájú níbi tó ti fẹ́ẹ̀ kan táyà, ó ń dún pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń gbá ìbẹ́pẹ. Bàbá ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá ní, "Ẹnìkan ti tàn ẹ́ níbẹ̀ yẹn. Irin kọ́ ni mò ń gbọ́."

Èmi tí mo wà níbẹ̀ tí mo fojú mi méjèèjì wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ó ń dán.

Òní ni mo wá gé e. Mo ti kọ́kọ́ fi igi irin méjì jó ojú ilẹ̀kùn pọ̀ kó má bàa sún tí mo bá yọ sílì, torí téèyàn bá gé sílì láìdè é mọ́lẹ̀, bọ́dì á rọra yí padà, ó sì lè má mọ̀ títí dọjọ́ tí ilẹ̀kùn ò ní tì mọ́. Lẹ́yìn náà mo gbé gíráíńdà. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò kí wọ́n tó kùn ún, ó nípọn tó ìka mi, ó ń fọ́n eruku funfun. Lẹ́yìn pọ́tì, páànù kan tí wọ́n fi bo orí sílì àtijọ́ láìyọ èyí tó ti jẹrà kúrò. Lẹ́yìn páànù yẹn, ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn ṣá o! Wọ́n rún un mọ́ra wọ́n fi dí ihò kí pọ́tì lè ríbi dì mú, mo rọra tú u, ọdún 1987 ló wà lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìwé ìròyìn ni sílì gangan tó yẹ kó gbé mọ́tò, ó ti dógùn-ún débi pé mo fọwọ́ kàn án ó sì wó lulẹ̀ bí èérún àkàrà tó gbẹ.

Inú bí mi, mi ò lè parọ́. Láti 1987, ẹnì kan ti ń jókòó sínú mọ́tò yìí, bóyá ó gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sá eré lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìwé ìròyìn ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹn mọ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ rún ìwé síbẹ̀ kó má mọ̀. Owó iṣẹ́ ló gbà, ó sì fi ọ̀dà bò ó, ẹni tó ni mọ́tò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ sílé.

Páànù ìbora yẹn tún wá sọ nǹkan di burúkú sí i. Bí sílì MGB ṣe rí, kì í ṣe irin kan, ó ní ti òde, ó ní ti inú, irin kan dúró gbọnrangandan láàárín wọn, ìkan tún wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní castle rail. Ẹrẹ̀ tí táyà iwájú ń ta sókè máa ń wọ ẹ̀yìn fẹ́ńdà, ó ń kóra jọ síbẹ̀, ó sì ń mu omi. Nílùú yìí tí òtútù bá dé wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí mọ́tò má bàa yọ̀, iyọ̀ yẹn náà á bá ẹrẹ̀ wọlé. Nínú sílì lọ́hùn-ún ọ̀dà tó débẹ̀ ò tó nǹkan látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà inú ló ti ń jẹ jáde, ìgbà téèyàn bá fi máa rí ihò kékeré lóde, inú ti tán. Téèyàn bá wá gbé páànù mìíràn lé e, omi tó wà níbẹ̀ ò ríbi jáde mọ́. Ó dà bíi kéèyàn di egbò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò nínú ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń wá bá mi di nǹkan mú wò ó, ó ní, o ò ṣe kúkú ra bọ́dì tuntun? Kì í ṣe àṣìsọ. British Motor Heritage, iléeṣẹ́ kan tó wà ní Witney báyìí, ń ṣe bọ́dì MGB tuntun látọdún 1988, irinṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ páànù ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń lò. Sílì tuntun tí mo rà gan-an, ọwọ́ wọn ló ti wá. Ṣùgbọ́n mo rántí bí òrùlé yẹn ṣe dún létí Bàbá. Mi ò lè ju nǹkan tó ṣì ń dún bẹ́ẹ̀ yẹn nù torí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ibi tó bá jẹrà ni mo máa gé, ibi tó bá yè á dúró síbẹ̀, kódà tó bá gba ọdún méjì.

Ọ̀sán ni mo fi gé ìyókù. Sílì òde wọ abẹ́ fẹ́ńdà iwájú, ó tún wọ abẹ́ ti ẹ̀yìn, èyí téèyàn ń rí lábẹ́ ilẹ̀kùn ò ju díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ. Fẹ́ńdà iwájú rọrùn, bóòtù ló dì í mú, tẹ̀yìn ni mo ní láti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ibi tí iléeṣẹ́ ti fi iná lẹ̀ ẹ́ ní tó-tò-tó, mò ń fi dríìlì lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kà á dé 64 kí n tó jáwọ́ nínú kíkà. Nǹkan bí aago mẹ́ta iná ṣẹ́ láti ara gíráíńdà, ó bọ́ sórí ọ̀dà dúdú bí ọ̀dà títì tí wọ́n fi kun abẹ́ mọ́tò láyé ọjọ́un, ni ó bá gbiná. Iná kékeré ni o, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló pa á, ṣùgbọ́n àyà mi já gan-an, mo jókòó síta fún ìdajì wákàtí. Látòní lọ mo máa há gbogbo ọ̀dà yẹn kúrò kí n tó gbé iná débẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo fi kílám̀pù de sílì tuntun sípò ẹ̀, mi ò tíì jó o. Èyí ni Bàbá tẹnu mọ́ jù: "Má jó ohunkóhun tó ò bá tíì gbé ilẹ̀kùn kọ́. Ilẹ̀kùn ni rúlà ẹ." Torí náà mo gbé ilẹ̀kùn kọ́ sára ìdè ẹ̀, mo fi ìwọ̀n wọn àlàfo ẹ̀ níwájú, 4 mm látòkè délẹ̀, ó tẹ́jú, inú mi ń dùn. Mo pè wọ́n. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún, mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn, wọ́n ní kí n dúró kí wọ́n wọ yàrá kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa.

Mo ti ilẹ̀kùn. Gbà.

"Tún un tì. Má tì í tagbára."

Mo tún un tì.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Mo tì í lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì gbé fóònù sún mọ́ ọn.

"Ó ń ha nǹkan lẹ́yìn, lókè," ni wọ́n wí. "Wò ó níbẹ̀."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́yìn lókè, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń bọ̀ wá bá fẹ́ńdà ẹ̀yìn, àlàfo yẹn ò pé 2 mm, ọ̀dà sì ti há díẹ̀ lára ètí ilẹ̀kùn, ó kéré tó irun. Mi ò wọ̀n ibẹ̀ rárá.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, mo ti rí i."

Wọ́n ní, "Tú kílám̀pù ẹ̀yìn lọ́la, kó o fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀, díẹ̀ o, kó o tó pè mí. Ìyá ẹ ń kí ẹ. Ṣó o ti jẹun?"