Rósì igbó tó gun fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé mi

Ẹni tó bá wọ ọgbà mi, òdòdó yìí ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè, wọ́n á ní níbo lo ti ra rósì yìí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ọmọ onílẹ̀ ni o, ó ti wà ní Amẹ́ríkà níbí kí ẹnikẹ́ni tó máa ta òdòdó. Rosa setigera lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, prairie rose ni ti àwọn ará ibí. Ọkùnrin Faransé kan tí wọ́n ń pè ní André Michaux, tó rìn káàkiri ilẹ̀ yìí tó ń ṣa ewéko jọ, ìwé ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1803 ni orúkọ yẹn ti wá. Láti Ontario ní Kánádà títí dé Texas àti Florida lẹ ti lè bá a nínú igbó, létí oko, létí ọ̀nà. Rósì igbó pọ̀ níbí, àmọ́ èyí nìkan ni ọmọ onílẹ̀ tó ń gun nǹkan, àwọn tó kù igbó kúkúrú ni wọ́n.

Màmá mi rí i lórí fídíò WhatsApp nígbà tí kò tíì tanná, wọ́n ní ṣé ẹ̀gún ni mo wá ń gbìn sílé báyìí. Ó dáa, wọn ò parọ́.

Ẹ má retí rósì ńlá tó ki, èyí tí wọ́n máa ń dì mọ́ ọ̀rá fún olólùfẹ́. Ewé òdòdó márùn-ún péré ló ní. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, píǹkì tó rinlẹ̀ ni, tó bá pẹ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, torí náà lórí ìdì kan ṣoṣo ẹ máa rí píǹkì, ẹ máa rí funfun, ẹ máa rí èyí tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa kẹ́ ẹ wo àárín gbùngbùn ẹ̀, láàárín gbogbo lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò yẹn nǹkan kan nà ṣóńṣó sókè bí igi ìṣáná, ibẹ̀ ló fi ń gba lẹ́búlẹ́bú tí oyin bá gbé wá. Nínú ọ̀pọ̀ rósì igbó tó kù, nǹkan yẹn kì í yọ sókè báyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tanná. Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ti sọ pé àwọn ò ṣe mọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó ń tanná ná, bí oṣù Júùnù bá ti ń parí lọ sí Júláì, nígbà tí ọ̀pọ̀ rósì igbó yòókù ti ṣe tiwọn tán, òun ló ṣì wà táwọn oyin á rí. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ jàre.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù tí mo bá sọ ọ́ ni pé akọ wà, abo wà, igi tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá wo òdòdó wọn ẹ ò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀, torí abo náà ní lẹ́búlẹ́bú, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú abo yẹn ò lè mú kí nǹkan kan so. Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Oúnjẹ oyin ni. Rósì ò ní omi dídùn tí oyin ń mu, lẹ́búlẹ́bú yìí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá, tí abo ò bá ní i, oyin ò ní yà sọ́dọ̀ ẹ̀ rárá. Ẹ wá rò ó, tó bá jẹ́ igi kan ṣoṣo lẹ gbìn tó sì jẹ́ akọ, ẹ máa rí òdòdó àmọ́ ẹ ò ní rí èso pupa kéékèèké tó máa ń wà lórí ẹ̀ títí wọ inú òtútù. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ka igi kan náà ni wọ́n gé fún yín lẹ́ẹ̀mélòó kan, irú kan náà ni gbogbo wọn, akọ lọ́mọ akọ. Èyí tí wọ́n gbìn látinú èso ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì gbìn ju ẹyọ kan lọ tí àyè bá wà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ewé ẹ̀ o, torí ó ní ẹnì kan tó jọ ọ́. Rosa multiflora, láti apá Japan àti Korea lọ́hùn-ún ló ti wá, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ilẹ̀ oko ló pín in fáwọn àgbẹ̀ láyé 1930s, pé kí wọ́n fi ṣe ọgbà ẹran kí àgbàrá má sì wọ́ ilẹ̀ lọ. Ó gbà fún wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ, báyìí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti kà á sí èpò, àwọn míì tiẹ̀ ní kẹ́nikẹ́ni má gbìn ín. Setigera, ewé mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí ọ̀pá ewé kan, nígbà míì márùn-ún. Multiflora máa ń ní méje tàbí mẹ́sàn-án, òdòdó ẹ̀ kéékèèké, funfun. Tí kò bá sí òdòdó lórí ẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ibi tí ọ̀pá ewé ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ti multiflora ya wínníwínní bí irun, ti setigera ò rí bẹ́ẹ̀. Tí multiflora bá sì wà nítòsí ilé yín ẹ hú u, torí ibẹ̀ ni kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí ti máa ń gbé àìsàn rose rosette wá bá rósì tó kù, ẹ̀ka á máa yọ jáde pupa fòò, ẹ̀gún á pọ̀ lórí ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí oògùn ẹ̀, kẹ́ ẹ hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò ni.

Ọ̀rọ̀ gbígbìn ò pọ̀. Oòrùn wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, amọ̀ ò dí i lọ́wọ́, omi dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, ó parí. Àyè ni kẹ́ ẹ má fi dù ú, torí ẹ̀ka ẹ̀ lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ní ó ń gun nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í lọ́ mọ́ nǹkan bí ìtàkùn iṣu, ẹ̀gún ló fi ń kọ́ nǹkan, torí náà ẹ̀yin lẹ máa dè é. Ẹ fi aṣọ tàbí okùn tó rọ̀ dè é, ẹ má fi wáyà, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kó sùn gbalaja lórí fẹ́ǹsì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó dúró ṣánṣán, orí ẹ̀ nìkan lá máa gba gbogbo agbára, òkè téńté lòdòdó á wà. Tó bá sùn, gbogbo ojú tó wà lára ẹ̀ka yẹn ló máa yọ, tí kálukú á sì tanná.

Ọ̀rọ̀ gígé wá ni wàhálà. Lára ẹ̀ka ọdún tó kọjá lòdòdó ọdún yìí ti ń wá. Bọ̀ọ̀dá tó ń bá wa gé koríko wá lóṣù Máàṣì ọdún kan, mi ò sí nílé, ó rí i pé ó rí jágajàga, ló bá fi ẹ̀rọ gé gbogbo ẹ̀ dọ́gba bíi koríko. Ewé yọ o, ewé rẹpẹtẹ, òdòdó ò yọ títí ọdún yẹn fi parí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín in kù, ẹ ṣe é kété tó bá tanná tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èso, ẹ dúró kí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, kẹ́ ẹ wá mú kìkì ẹ̀ka tó ti gbó jù kúrò láti ìdí, ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá kí wọ́n kúkú ra èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Samuel Feast ní Baltimore ti fi setigera mú rósì tuntun jáde látọdún 1843, Baltimore Belle àti Queen of the Prairies, wọ́n ṣì ń tà wọ́n dòní. Wọ́n rẹwà, mi ò ní parọ́, àmọ́ ewé òdòdó tó ki yẹn ń dí oyin lọ́nà, mo sì fẹ́ràn kí n máa gbọ́ ariwo wọn láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé nǹkan kan gé ewé yín róbótó róbótó létí, irú oyin kan ló ń kó o lọ fi ṣe ìtẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fín oògùn sí i. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Japanese beetle ni kẹ́ ẹ dájú sọ, òun ló máa ń dé ní Júláì gan-an tó máa jẹ òdòdó tán, ẹ jí láàárọ̀ kùtù kí ara ẹ̀ tó yá, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ.

Àwọn tó ń sọ pé kí n fún àwọn ní díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Tí orí ẹ̀ka bá kanlẹ̀ ó máa ń ta gbòǹgbò fúnra ẹ̀, mo ti fi òkúta tẹ mélòó kan mọ́lẹ̀, abo ni gbogbo wọn, ẹni tó bá fẹ́ èso kó yáa lọ wá akọ sílẹ̀.