Ẹ Tú Èémí Yẹn Jáde Ná

Àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere wọn nítorí òkè Abẹ́òkúta ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń dùn mí. Wọ́n á ní àgbà ti dé, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wò wọ́n láti Ìbàrà títí dé Òkè-Ìlewó, kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn. Èjìká ni wọ́n ń gbé sókè sódò, wọ́n gan ọwọ́ mọ́ àńdù, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èémí ló dá wọn dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bí 500 mìlílítà afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú lẹ́ẹ̀kan. Nínú rẹ̀, nǹkan bí 150 kì í dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn. Ọ̀nà èémí, láti imú wọ inú àyà, ló máa ń kù sí, ibẹ̀ náà la ó sì ti mí i jáde. Bí èémí gùn, bó kúrú, owó-orí yẹn ò yí padà. Ẹni tó bá mí nígbà 12 ní ìṣẹ́jú kan, tó ń fa 500, bá a bá yọ 150 yẹn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4,200 mìlílítà ló jẹ́ èrè rẹ̀. Ẹni tó bá mí nígbà 24, tó ń fa 250 péré, 2,400 ló rí gbà. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kan náà làwọn méjèèjì fà, 6,000 géérégé! Lórí òkè, iye tí a ń fà pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mí kúkúrú ṣì ń pàdánù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í sábà jẹ́ àìtó ọ́síjìn ló ń mú kí ara máa pariwo pé òun fẹ́ mí. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń mí dànù, tó ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ká tú èémí jáde dáadáa. Èyí tó ń wọlé ò nílò ẹ̀bẹ̀.

Inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń mí dáadáa, lọ́dọ̀ màmá tó ń kọ́ wa lórin, tí kò sì gun kẹ̀kẹ́ rí. Màmá á ní ká fọwọ́ lé ìdodo. "Ọwọ́ yẹn ni kó yọ síwájú o, mi ò fẹ́ rí èjìká ẹnì kankan." Iṣan pẹlẹbẹ kan ló pààlà àyà àti ikùn. Bó bá sọ̀kalẹ̀, á ti ikùn síta, ẹ̀dọ̀fóró á sì rí àyè gbòòrò.

Ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹní nílé, kẹ́ ẹ ṣe é títí yóò fi mọ́ yín lára. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: ẹ fà á sínú bí ẹsẹ̀ bá ń yípo lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú u jáde fún ìyípo mẹ́ta. Ìdí òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé àárín rẹ̀. Ẹ dẹ ìgúnpá, ẹ tú bẹ́líìtì. Ẹ wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, torí bó bá rẹlẹ̀ jù, orúnkún á máa sún mọ́ ikùn nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà. Àmàlà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ náà ń gba àyè lọ́wọ́ iṣan yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti ń jẹun lẹ́yìn ìrìn báyìí.

Ní ti imú àbí ẹnu: lórí ilẹ̀ títẹ́jú, imú ni, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí ó ń sẹ́ eruku, ó sì ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́rinrin. Bí òkè bá le, ẹ lo méjèèjì láìbẹ̀rù. Bẹ́ ẹ bá ṣì lè sọ gbólóhùn kan parí fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gùn, ẹ ò tíì kọjá agbára yín.

Ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí tí àyà ń dùn bó bá gun òkè, kó kọ́kọ́ rí dókítà, kó sì mú oògùn tó ń fà sẹ́nu dání.